Àká Àgbẹ̀ ní Ìgbàrà-Odò: Ilé Tí Kò Ní Ògiri, Ogún Tí Kò Ní Àkọlé

Àwọn àgbà bọ̀, wọ́n ní bí ọmọdé kò bá bá ìtàn, yóò bá àrọ́bá. Àrọ́bá sì ni baba ìtàn. Ọ̀rọ̀ yìí bá ọ̀pọ̀ ilé mu ní ilẹ̀ Èkìtì. Ààfin wà tí ìtàn rẹ̀ ti wọ inú ìwé. Ṣọ́ọ̀ṣì wà tí a kọ ọdún tí wọ́n fi ìpìlẹ̀ rẹ̀ lélẹ̀ sí ara ògiri. Ilé pẹ̀tẹ́ẹ̀sì tí owó kòkó kọ́ wà, orúkọ ẹni tí ó kọ́ ọ sì wà ní iwájú rẹ̀. Ṣùgbọ́n ilé kan wà tí irú rẹ̀ ti wà kí gbogbo wọn tó dé, tí kò ní àkọlé, tí kò sí ẹni tí ń mú àlejò lọ wò ó. Ilé náà ni àká, ibi tí àgbẹ̀ ń kó irè oko rẹ̀ sí. Àrọ́bá ni ó kù fún un, àwọn tí wọ́n mọ àrọ́bá náà sì ń dínkù lọ́dọọdún.

Ìgbàrà-Odò jẹ́ ibi tí ó yẹ kí a ti gbé ọ̀rọ̀ yìí yẹ̀ wò. Ìlú náà wà ní ìhà gúúsù Ìpínlẹ̀ Èkìtì, ní abẹ́ ìjọba ìbílẹ̀ kan náà pẹ̀lú Ìlawẹ̀, tí í ṣe olú ìjọba ìbílẹ̀ náà, àti Ọ̀gọ̀tún, ìlú tí a mọ̀ mọ́ ẹní híhun. Ìgbàrà-Òkè, tí orúkọ rẹ̀ bá tirẹ̀ dọ́gba, wà ní òdì kejì ààlà. Ìpínlẹ̀ Oǹdó kan náà ni ìlú méjèèjì wà tẹ́lẹ̀, kí a tó dá Ìpínlẹ̀ Èkìtì sílẹ̀ ní ọjọ́ kìíní oṣù kẹwàá ọdún 1996. Ilẹ̀ igbó ni agbègbè yìí. Òjò ibẹ̀ pọ̀, òkè àti àpáta sì yọrí láàárín oko. Iṣu, kókò, àgbàdo, ẹ̀wà, obì àti kòkó ni ilẹ̀ náà ń mú jáde. Ibi tí òjò bá pọ̀ tó báyìí, kíkórè nìkan kò tó. Iṣẹ́ tí ó le jù ni bí ohun tí a kórè kò ṣe ní jẹrà kí òjò mìíràn tó dé.

Orúkọ mẹ́rin

Ẹni tí ó bá fẹ́ mọ àká ní láti kọ́kọ́ ya ọ̀rọ̀ mẹ́rin sọ́tọ̀, nítorí pé àwọn ará ìlú òde òní máa ń dà wọ́n pọ̀. Ahéré ni ilé kékeré tí àgbẹ̀ ń sá sí bí oòrùn bá mú tàbí bí òjò bá dé bá a lóko. Abà ni ibi tí ilé oko bíi mélòó kan kóra jọ sí, tí àgbẹ̀ àti àwọn ará ilé rẹ̀ lè sùn sí fún ọ̀sẹ̀ tàbí oṣù, kí wọ́n tó padà wọ ìlú fún ọdún, ìgbéyàwó tàbí ìsìnkú. Àjà ni òkè tí a tẹ́ igi sí nínú ilé, pàápàá lókè ibi ìdáná, tí a ń kó nǹkan sí kí èéfín lè máa dé ara rẹ̀. Àká ni ibi ìkó-irè-oko-sí gan-an, yálà ó dá dúró nínú oko, yálà ó wà lẹ́bàá abà.

Ọ̀rọ̀ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin yìí fi hàn bí ìgbé-ayé Yorùbá ṣe rí látijọ́. Inú ìlú ni ilé ẹni wà, níbi tí ọba, ìdílé àti òrìṣà ẹni wà. Oko sì lè jìnnà ní ìrìn wákàtí mélòó kan. Àgbẹ̀ kò lè máa ru gbogbo ohun tí ó bá wà wálé lójúmọ́ kan. Nítorí náà, ó ní láti fi oúnjẹ rẹ̀ sílẹ̀ ní ibi tí kò sí ìlẹ̀kùn tàbí àgádágodo, kí ó sì gbà pé yóò bá a níbẹ̀ bí ó bá padà dé. Ìgbẹ́kẹ̀lé láàárín ará oko kan náà jẹ́ apá kan ilé náà bí igi àti okùn ṣe jẹ́ apá kan rẹ̀.

Ipò ọ̀wọ̀ ni ọ̀rọ̀ náà sì wà nínú èdè. Nígbà tí Àjàyí Crowther àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ń túmọ̀ Bíbélì sí Yorùbá ní ọ̀rúndún kọkàndínlógún, àká wà lára ọ̀rọ̀ tí wọ́n bá nílẹ̀, tí ó sì bọ́ sínú ìwé náà níbi tí Ọlọ́run ti ń ṣèlérí ìbùkún fún ohun tí ènìyàn kó pamọ́. Títí di òní, ọ̀pọ̀ ènìyàn tí kò rí àká rí ni ó ń ṣe àmín sí àdúrà pé kí àká wọn kún.

Bí a ṣe ń to àká iṣu

Àká iṣu kì í jọ ilé ní ojú ẹni tí ó gbà pé ilé gbọ́dọ̀ ní ògiri. Síbẹ̀, ètò wà nínú rẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin. Ohun àkọ́kọ́ ni yíyan ibi. Àgbẹ̀ yóò wá ilẹ̀ tí omi kì í dúró sí, tí igi ńlá ṣíji bò, tí afẹ́fẹ́ sì lè gbà kọjá. Yóò tún rí i pé ibẹ̀ kò jìnnà sí abà, kí ojú lè tó o, kí ariwo ẹran tàbí olè sì lè dé etí.

Lẹ́yìn èyí ni yóò ri òpó mọ́lẹ̀ ní ìlà-ìlà. Igi tí ó máa ń hù bí a bá gé e tí a sì rì í mọ́lẹ̀, bí akòko, ni ó dára jù fún iṣẹ́ yìí. Ìdí rẹ̀ kò ṣòroó mọ̀. Igi gbígbẹ ni oúnjẹ ikán. Igi tí ó bá ta gbòǹgbò kì í tètè jẹrà. Bí ó bá sì ti ń hù, yóò máa yọ ewé ní orí, ewé náà yóò sì di ìbòrí fún iṣu nígbà tí oòrùn ẹ̀ẹ̀rùn bá le. Àgbẹ̀ kọ́ ilé tí ń bo ara rẹ̀. Láàárín òpó kan sí èkejì ni yóò de ọparun tàbí ọ̀pá imọ̀ ọ̀pẹ mọ́ ní ìbú, kí gbogbo rẹ̀ lè di ara wọn mú.

Iṣu ni ó kàn. A kì í kó o jọ bí ìgbà tí a kó òkúta jọ. Ọ̀kọ̀ọ̀kan ni a ń fi okùn so ó mọ́ ara òpó, ọ̀kan lórí èkejì, láti ibi tí ó ga díẹ̀ sí ilẹ̀ títí dé ibi tí ọwọ́ àgbà lè nà dé. Èyí tí ọkọ́ tàbí àdá bá ti ṣá nígbà wíwà kì í bá àwọn tí ara wọn pé gbé. Òun ni a ń kọ́kọ́ jẹ. Iṣu èbù, èyí tí a óò gbìn lọ́dún tí ń bọ̀, ní àyè tirẹ̀. Iṣu funfun tí a fi ń gún iyán kì í dàpọ̀ mọ́ ewùrà, ewùrà kì í sì dàpọ̀ mọ́ èsúrú. Ọgbà tí a fi imọ̀ ọ̀pẹ àti ẹ̀gún ṣe ni ó yí gbogbo rẹ̀ ká, nítorí ewúrẹ́ àti ẹran ìgbẹ́.

Ohun tí ó mú kí ètò yìí rí báyìí ni pé iṣu tí a wà kò tíì kú. Ó ń mí, omi ń jáde lára rẹ̀, ó sì ń mú ooru wá. Bí a bá kó o jọ sínú yàrá tí afẹ́fẹ́ kò sí, ooru ara rẹ̀ yóò pa á, ọ̀rinrin yóò sì mú kí ó jẹrà. Ọ̀kan tí ó bá jẹrà yóò kó èèràn ran àwọn tí ó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Bí ó bá wà lára òpó, tí kò fara kan ibi púpọ̀ lára èkejì, àgbẹ̀ lè rí gbogbo rẹ̀ pẹ̀lú ojú lásán. Ó lè yọ èyí tí ó ti bàjẹ́, ó sì lè ṣẹ́ ọ̀mùnú tí ó bá yọ lára èyí tí ó ti fẹ́ máa hù. Iṣu tí a tọ́jú báyìí lè pẹ́ tó oṣù mẹ́rin sí mẹ́fà. Ohun tí ilé-ẹ̀kọ́ gíga fi ẹ̀rọ wọ̀n lónìí nípa mímí iṣu, àgbẹ̀ ti kọ ọ́ sí ara igi tipẹ́tipẹ́.

Ẹnì kan ṣoṣo kì í sábà dá iṣẹ́ náà ṣe. Bí ó bá jẹ́ àáró, àwọn ọ̀rẹ́ tí agbára wọn dọ́gba ni wọn yóò jọ to àká oníkálukú ní ìtẹ̀léra. Bí ó bá jẹ́ ọ̀wẹ̀, olóko yóò pe àwọn ènìyàn rẹ̀, yóò sì bọ́ wọn yó lọ́jọ́ náà. Ọkùnrin tí ó ń fẹ́ ọmọ ilé kan lè kó àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ lọ ṣe iṣẹ́ yìí fún bàbá ìyàwó, kí àna lè rí i bóyá ọwọ́ rẹ̀ mọ okùn í dì. Nínú àká, ọlá ènìyàn hàn gbangba. Ẹni tí ó bá wọlé lè ka iye òpó, kí ó sì mọ iye ẹnu tí olóko náà lè bọ́.

Àká àgbàdo àti iṣẹ́ èéfín

Ọ̀nà mìíràn ni a gbà kọ́ àká àgbàdo, nítorí pé ìṣòro rẹ̀ yàtọ̀. Àgbàdo àkọ́kọ́ máa ń gbó nígbà tí òjò kò tíì dá, oòrùn kò sì lè gbẹ ẹ́ tán. Bí ó bá wà ní tútù, yóò bu. Bí ó bá sì gbẹ tí a kó o sílẹ̀ lásán, eku àti kòkòrò yóò jẹ ẹ́.

Ìdáhùn àgbẹ̀ ni ilé tí ó dúró lórí ẹsẹ̀. A ri òpó líle mọ́lẹ̀, a tẹ́ pẹpẹ igi sí orí rẹ̀, a fi ọparun tàbí imọ̀ ọ̀pẹ híhun ṣe ẹ̀gbẹ́ rẹ̀, a sì fi koríko tàbí ewé gbòdògì bò ó lórí. Ewé gbòdògì fẹ̀, ó sì ń dan. Bí a bá tò ó ní àtẹ̀lé-ara, omi òjò yóò máa ṣàn kúrò lórí rẹ̀ bí ẹni ń da omi sí ẹ̀yìn pẹ́pẹ́yẹ. Abẹ́ pẹpẹ yìí ni a ń dá iná tí kò gbọ́dọ̀ jó ṣákáṣáká sí. Èéfín rẹ̀ yóò gba àárín igi gòkè, yóò la àgbàdo já, yóò sì jáde láti inú òrùlé. Ohun mẹ́ta ni èéfín náà ń ṣe lẹ́ẹ̀kan: ó ń gbẹ ọkà, ó ń lé kòkòrò, ó sì ń mú kí òrùlé pẹ́. Háhá àgbàdo ni a kì í bó kúrò, nítorí pé òun ni aṣọ tí ọlọ́run òjò àti oòrùn ti wọ̀ fún un.

Nínú ilé ìdáná ní abà, àjà ni ó ń ṣe irú iṣẹ́ yìí fún ohun tí kò pọ̀. Àgbàdo tí a fẹ́ gbìn lọ́dún tí ń bọ̀, ata, ẹ̀fọ́ gbígbẹ àti ẹ̀wà inú ìkòkò ni ó ń gbé ibẹ̀. Obìnrin ilé ni ó ni ìtọ́jú èyí. Bí ọkùnrin bá ni àká, obìnrin ni ó ni àjà. Ẹni tí ó bá sọ ìtàn ọ̀kan láìsọ ti èkejì ti sọ ìdajì.

Ipò òkúta

Èkìtì kò ṣàìní òkúta. Ní Ìkẹ́rẹ́, àpáta Olósùnta àti Orólè dúró lórí ìlú bí ẹ̀rí. Òkúta ni ọlọ tí a fi ń lọ ata, òkúta ni ààrò mẹ́ta tí kì í da ọbẹ̀ nù, òkúta ni a sì ń kó sí ìpìlẹ̀ ògiri alámọ̀ kí omi má bàa jẹ ẹsẹ̀ rẹ̀. Kí ló wá dé tí àgbẹ̀ kò fi òkúta mọ àká? Àwọn kan lè rò pé àìmọ̀ ni. Ẹni tí ó bá ti ka ohun tí a sọ nípa mímí iṣu yóò mọ̀ pé kì í ṣe bẹ́ẹ̀. Ògiri òkúta a máa sé afẹ́fẹ́ mọ́. Yóò tún so àká mọ́ ojú kan, nígbà tí oko iṣu ní láti máa ṣí kiri, kí ilẹ̀ tí a ti lò lè sinmi. Àgbẹ̀ mọ òkúta, ó sì mọ ibi tí kò yẹ kí ó lò ó.

Ó dára kí a fi èyí wé àká olókùúta ní ibòmíràn. Ní Great Coxwell, ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, àká ńlá kan wà tí àwọn ajẹ́jẹ̀ẹ́-ìsìn ti Beaulieu kọ́ ní nǹkan bí ọdún 1292. Gígùn rẹ̀ jẹ́ nǹkan bí ẹsẹ̀ bàtà 152. Òkúta ni ògiri rẹ̀, òkúta pẹlẹbẹ ni òrùlé rẹ̀. Ọkà gbígbẹ ni wọ́n ń kó sí i, ọkà gbígbẹ kò sì fẹ́ atẹ́gùn púpọ̀ bí iṣu. Ṣùgbọ́n nínú rẹ̀, àwọn òpó igi ńláńlá tí ó gbé òrùlé dúró kò fara kan ilẹ̀. Orí ìpìlẹ̀ òkúta gíga ni wọ́n gbé wọn kà, kí ọ̀rinrin má bàa jẹ ẹsẹ̀ wọn. Bẹ́ẹ̀ náà ni a ṣe ń gbé àká lé orí òkúta ní ọ̀pọ̀ ibi ní Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà. William Morris, akéwì àti oníṣẹ́-ọnà tí ó kú ní 1896, fẹ́ràn àká yìí púpọ̀, ó sì ń mú àwọn àlejò rẹ̀ lọ wò ó. Láti ọdún 1956 ni ẹgbẹ́ National Trust ti ń tọ́jú rẹ̀ fún gbogbo ènìyàn.

Nílé níhìn-ín, UNESCO fi Sukur, ní orí òkè Mandara ní Ìpínlẹ̀ Adamawa, sínú ìwé ogún àgbáyé ní ọdún 1999. Òun ni àkọ́kọ́ láti Nàìjíríà. Kì í ṣe ààfin Hidi nìkan ni wọ́n kà sí. Oko tí a fi òkúta gé ní àtẹ̀gùn-àtẹ̀gùn, agbo ilé olókùúta àti àká àárín rẹ̀ wà lára ohun tí a kà sí ogún. Ní Koutammakou, ní Togo, amọ̀ ni wọ́n fi ń kọ́ ilé alágbàlá gíga tí àká wà lórí rẹ̀. Ọdún 2004 ni ibẹ̀ wọ ìwé náà, a sì fa ààlà rẹ̀ dé ilẹ̀ Benin ní 2023. Nítorí náà, kò sí ẹni tí ó lè sọ mọ́ pé òkúta nìkan ni ogún, tàbí pé ibi tí a ń kó oúnjẹ sí kéré sí ohun tí à ń pè ní ìtàn.

Ogun, àlàáfíà àti kòkó

Ìtàn Èkìtì hàn nínú àká bí ó ṣe hàn nínú ààfin. Ní sáà ogun ọ̀rúndún kọkàndínlógún, abà jíjìn kì í ṣe ibi ààbò. Àká tí ó kún jẹ́ oúnjẹ fún ọmọ ogun ẹnikẹ́ni tí ó bá kọ́kọ́ dé ibẹ̀. Ogun Kírìjì, tí Èkìtì Parapọ̀ bá Ìbàdàn jà, bẹ̀rẹ̀ ní 1877. Ọjọ́ kẹtàlélógún oṣù kẹsàn-án ọdún 1886 ni a tọwọ́ bọ ìwé àdéhùn àlàáfíà. Lẹ́yìn tí ogun tán, ẹsẹ̀ tún bẹ̀rẹ̀ sí í dé oko jíjìn, abà sì pọ̀ sí i.

Kòkó ni ó wá yí ètò padà. Igi tí ń gbé ojú kan fún ọ̀pọ̀ ọdún ni kòkó. Abà tí ó wà lẹ́bàá rẹ̀ náà kò ṣí mọ́. Ilé alámọ̀ rọ́pò ahéré eléwé, páànù sì rọ́pò gbòdògì. A ń fi ewé ọ̀gẹ̀dẹ̀ bo kòkó títí yóò fi wú, a ń sá a sórí ẹní tàbí pèpéle símẹ́ńtì, a sì ń dì í sínú àpò. Kòkó fẹ́ yàrá tí ó gbẹ, tí ó ní ilẹ̀kùn àti àgádágodo, nítorí pé owó ni. Ìgbìmọ̀ Ọjà Kòkó ti Nàìjíríà bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní 1947. Ti Ẹkùn Ìwọ̀-Oòrùn rọ́pò rẹ̀ ní 1954. Ìjọba sì fòpin sí àwọn ìgbìmọ̀ ọjà wọ̀nyí ní 1986. Sítọ́ọ̀ oníbíríkì tí àwọn olùra kòkó kọ́ sí ojú títì ní ìlú-ìlú jẹ́ ẹ̀rí sáà yẹn.

Báyìí ni irú ibi ìkẹ́rù méjì ṣe wà ní oko kan náà. Èyí tí ó jẹ́ ti oúnjẹ ṣí sílẹ̀ fún afẹ́fẹ́ àti fún ojú aládùúgbò. Èyí tí ó jẹ́ ti owó wà ní títì pa. Nígbà tí àwọn ọmọ bẹ̀rẹ̀ sí í ka ilé tí ó dára mọ́ ilé tí ó ní ìlẹ̀kùn irin, àká di ohun òtòṣì lójú wọn.

Òpó ààfin àti òpó àká

Ó yẹ kí a rántí ohun tí ó ṣẹlẹ̀ sí òpó mìíràn ní agbègbè kan náà. Ọlọ́wẹ̀ ti Ìsẹ̀, tí a bí ní Ẹ̀fọ̀n Aláayè ní nǹkan bí ọdún 1873, tí ó sì kú ní 1938, ni ó gbẹ́ àwọn òpó àti ìlẹ̀kùn ààfin Ògògà ní Ìkẹ́rẹ́ láàárín 1910 sí 1914. Ìlẹ̀kùn náà lọ sí ibi àfihàn Ilẹ̀ Ọba Gẹ̀ẹ́sì ní Wembley ní 1924. Àwọn Gẹ̀ẹ́sì fẹ́ rà á. Ògògà gba àga ọba tí a ṣe ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ní pàṣípààrọ̀, ìlẹ̀kùn sì di ti British Museum. Ọ̀kan nínú àwọn òpó náà, èyí tí ọba jókòó sí lórí ìtẹ́ tí ayaba dúró sí ẹ̀yìn rẹ̀, wà ní Art Institute ti Chicago.

A ń sọ̀rọ̀ àwọn òpó wọ̀nyí pẹ̀lú ìgbéraga àti ìbànújẹ́, ó sì tọ́ bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n agbẹ́gilére tí ó gbé ààfin fún ọdún mẹ́rin jẹun lójoojúmọ́, àwọn ọmọ iṣẹ́ rẹ̀ náà sì jẹun. Iyán tí wọ́n jẹ kò wá láti inú àfọ́kù igi tí ó bọ́ sílẹ̀ lábẹ́ ọ̀bẹ. Àká ni ó ti wá, láti ara òpó tí kò sí ẹni tí ó gbẹ́ ère sí i. Ebi kì í wọnú kí ọ̀rọ̀ mìíràn wọ̀ ọ́. Bí ìyàn bá mú ìlú, kò sí ọba tí yóò pe agbẹ́gilére. Òpó ààfin ti ní ibi tí a ti ń tọ́jú rẹ̀, bí ó tilẹ̀ jẹ́ ní ìdálẹ̀. Òpó àká kò ní ibì kankan.

Ohun tí ń jẹrà, tí kì í parun

Ìbéèrè tí ó le jù ni èyí: báwo ni a ṣe lè tọ́jú ilé tí a kọ́ kí ó lè jẹrà? Òpó akòko lè hù, ṣùgbọ́n ọparun, imọ̀ àti ewé kì í pẹ́ kí wọ́n tó gbó. Àká tí a rí lónìí kì í ṣe èyí tí bàbá-ńlá tò.

Ìdáhùn kan wà ní ìlú tí orúkọ rẹ̀ fẹ́ jọ ti Ìsẹ̀ wa. Ní Ise, ní ilẹ̀ Jàpáánì, ojúbọ ńlá kan wà tí a kọ́ pẹ̀lú igi, tí ó dúró lórí òpó, tí a sì fi koríko bo orí rẹ̀. Àwọn onímọ̀ sọ pé àká ìrẹsì ayé àtijọ́ ni àwòṣe rẹ̀. Láti ọdún 690 ni wọ́n ti ń wó o, tí wọ́n sì ń kọ́ ọ tuntun ní ẹ̀gbẹ́ ibi tí ó wà, yàtọ̀ sí ìgbà tí ogun dí wọn lọ́wọ́. Ogún ọdún sí ogún ọdún ni wọ́n ń ṣe é. Ẹlẹ́ẹ̀kejìlélọ́gọ́ta wáyé ní 2013. 2033 ni a ń retí èyí tí ó kàn. Kò sí igi kan níbẹ̀ tí ó dàgbà, síbẹ̀ kò sí ẹni tí ó sọ pé ojúbọ náà kì í ṣe ti àtijọ́. Ohun tí ó pẹ́ ni ọwọ́ tí ó mọ̀ ọ́n kọ́. Ogún ọdún sì tó kí ọ̀dọ́mọkùnrin tí ó kọ́ṣẹ́ nígbà kan di ọ̀gá nígbà kejì.

Èrò yìí ni àwọn onímọ̀ gbé yẹ̀ wò ní ìlú Nara ní 1994, tí wọ́n fi gbà pé àṣà kọ̀ọ̀kan ni yóò sọ ohun tí ó jẹ́ ojúlówó fún ara rẹ̀. Àdéhùn UNESCO ti 2003 sì fi ìmọ̀ àti iṣẹ́ ọwọ́ sí ipò ogún. Ifá àti Gẹ̀lẹ̀dẹ́ ti wà nínú ìwé náà láti 2008. Kò sí ìdí tí ìmọ̀ àká kò fi yẹ ní ẹ̀ka yìí kan náà.

Ohun tí ó wà nínú ewu

Kì í ṣe ẹwà nìkan ni a ń pàdánù. Lónìí, ọ̀pọ̀ ẹ̀wà àti àgbàdo tí ó dé ọjà ni a fi oògùn apakòkòrò tọ́jú, àwọn mìíràn sì ń lo oògùn tí kò yẹ kí ó súnmọ́ oúnjẹ. Ọ̀rọ̀ náà le tó bẹ́ẹ̀ tí NAFDAC fi fòfin de títa ìgò kékeré dichlorvos ní ọdún 2019. Àjà àti èéfín kò nílò irú oògùn bẹ́ẹ̀. Kì í ṣe pé kí gbogbo ènìyàn padà sí abà. Ilé-iṣẹ́ ìwádìí tí ń rí sí ìtọ́jú irè oko ní Ìlọrin, tí ìpìlẹ̀ rẹ̀ ti wà láti 1948, ti ṣe ọ̀pọ̀ àtúnṣe sí àká onígi, kí afẹ́fẹ́ lè gbà á dáadáa. Ṣùgbọ́n àtúnṣe ní láti ní ohun tí a ń tún ṣe. Bí ìmọ̀ àtilẹ̀wá bá parun, àwọn tí ń wádìí yóò máa wá ohun tí ìyá àgbà kan ní Ìgbàrà-Odò ti mọ̀.

Ọ̀rọ̀ náà kò nílò owó ńlá ní ìbẹ̀rẹ̀. Òfin tí ó dá àjọ ilé ìṣẹ̀ǹbáyé àti ohun ìrántí orílẹ̀-èdè sílẹ̀ ní 1979 wà, ṣùgbọ́n kò pọn dandan kí ìlú dúró dè é. Ilé-ẹ̀kọ́ lè ní kí akẹ́kọ̀ọ́ wọn òpó, kí ó ya àwòrán rẹ̀, kí ó sì kọ orúkọ okùn, igi àti ewé kọ̀ọ̀kan sílẹ̀ bí wọ́n ṣe ń pè é ní ẹ̀ka èdè ìlú náà. A lè gba ohùn àwọn àgbà sílẹ̀, kí a sì bi àwọn obìnrin nípa àjà bí a ṣe bi àwọn ọkùnrin nípa àká. Ìlú lè yan ilẹ̀ kan, kí àwọn ọ̀dọ́ sì máa to àká kan síbẹ̀ lábẹ́ ojú àwọn àgbà nígbà ọdún ìjẹṣu, kí wọ́n tú u nígbà tí ó bá gbó, kí wọ́n sì tún un tò. Èyí tí wọ́n bá so kì í ṣe ère. Iṣu gidi ni yóò jẹ́, èyí tí wọn yóò gún jẹ kí òjò ọdún tuntun tó bẹ̀rẹ̀.

Bí a bá ṣe èyí, ẹnikẹ́ni tí ó bá béèrè ohun tí àká jẹ́ kò ní gba ìdáhùn láti inú ìwé àdúrà nìkan. A ó mú un lọ síbẹ̀, a ó fi okùn lé e lọ́wọ́, a ó sì ní kí ó so iṣu àkọ́kọ́ mọ́ òpó.